Bí Onílé Ṣe Di Àlejò: Ìtàn Ọmọ Oníṣẹ̀ṣe Nínú Ilé Ìwé

   

Ẹgbẹ́ wa ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìtàn lọ́dún yìí, mo sì yan ìtàn ilé ìwé. Ẹlòmíràn lè bèèrè pé kí ni babaláwo ń wá nínú ọ̀rọ̀ ilé ìwé. Ìdáhùn mi kò gùn. Kò sí ibi tí ayé oníṣẹ̀ṣe ti yí padà nílẹ̀ yìí tó inú ilé ìwé. Nígbà tí wọ́n ṣí ilé ìwé àkọ́kọ́ ní etíkun wa ní ọdún 1843, àwọn olùsìn òrìṣà ló pọ̀ jù lọ nílẹ̀ Yorùbá. Lónìí, ọmọ oníṣẹ̀ṣe tó bá jókòó nínú kíláàsì lè wo ọ̀tún wo òsì kó má rí ẹnì kejì rẹ̀. Ó wà nílẹ̀ baba rẹ̀, ó ń sọ èdè baba rẹ̀, síbẹ̀ ó wà níbẹ̀ bí àlejò.

Ìbéèrè mẹ́ta ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò. Báwo ni onílé ṣe di àlejò? Kí ni àwọn mìíràn tí wọ́n kéré níye nínú ilé ìwé ṣe tí ọ̀nà fi là fún wọn? Kí ló kù tí àwa kò tíì ṣe? Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀yìn.

Ilé ìwé àkọ́kọ́

Ní ọdún 1842 ni Thomas Birch Freeman, òjíṣẹ́ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. William de Graft àti aya rẹ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀, àwọn sì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé níbẹ̀ ní ọdún 1843. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tó kọ́kọ́ wọ ilé ìwé náà jẹ́ ọmọ àwọn Sàró, èyíinì ni àwọn ènìyàn wa tí wọ́n ti kó lẹ́rú, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú òkun, tí wọ́n sì gbé ní Freetown kí wọ́n tó padà wálé. Àwọn CMS ti ìjọ Áńgílíkà dé Àgbádárìgì ní ọdún 1845. Ní ọdún 1846, Henry Townsend àti Samuel Àjàyí Crowther dé Abẹ́òkúta. Nígbà tó di ọdún 1859, CMS ti ṣí ilé ẹ̀kọ́ girama ní Èkó.

Orúkọ tí wọ́n sọ ilé ìwé Àgbádárìgì fi èrò ọkàn wọn hàn gbangba. Wọ́n pè é ní ibi ìtọ́jú ìjọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà. Kì í ṣe ìwé kíkà ni wọ́n kọ́kọ́ bá wá. Ìjọ ni wọ́n bá wá, ìwé kíkà sì ni ọ̀nà tí wọ́n gbà gbé e wọlé. Ìwé tí ọmọ ń kà ni ìwé ẹ̀sìn. Ìdánwò rẹ̀ ni kí ó lè dáhùn ìbéèrè ẹ̀sìn. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń gbé inú ọgbà àwọn òjíṣẹ́ náà, níbi tí wọ́n ti ń jẹun, tí wọ́n ti ń sùn, tí wọn kì í sì í rí ojúbọ ilé wọn mọ́. Bí ọmọ bá ṣe ìrìbọmi, a ó fún un ní orúkọ mìíràn, èyí tó sábà máa ń jẹ́ ti òyìnbó.

Kò yẹ kí a purọ́ mọ́ wọn. Àwọn kan náà ló jà fún kí a máa kọ èdè Yorùbá sílẹ̀. Crowther ṣe ìwé atúmọ̀ èdè wa, Townsend sì bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1859. Ẹni tó bá ń ka ìwé pẹlẹbẹ yìí lédè Yorùbá lónìí ń jẹ nínú iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Ṣùgbọ́n oore tí a ṣe fún ni kò ní kí a má sọ ohun tí oore náà ná wa.

Kí ni àwọn baba wa ṣe? Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn kọ̀. Ọmọ tó máa jogún ọpọ́n, ọmọ tó máa jogún oko, wọn kò fi í sílẹ̀. Ọmọ tí iṣẹ́ rẹ̀ kò wúlò tó nínú ilé ni wọ́n fi ránṣẹ́, nígbà mìíràn ọmọ ẹrú tàbí ìwọ̀fà. Lẹ́yìn tí Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní ọdún 1861, ọ̀rọ̀ yí padà. Akọ̀wé ní ilé ìṣòwò, akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba, ògbufọ̀ ní kóòtù, olùkọ́: ẹni tó bá mọ̀wé nìkan ni iṣẹ́ wọ̀nyí wà fún. Àwọn baba bẹ̀rẹ̀ sí í pín ọmọ. Ọ̀kan á lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀kan á lọ sí mọ́ṣáláṣí, ọ̀kan á dúró ti Ifá.

Ó dà bí ọgbọ́n nígbà náà, ó sì mú àlàáfíà wà nínú ilé. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ìmọ̀ méjèèjì ti pínyà. Ẹni tó mọ Odù kò mọ̀wé, ẹni tó mọ̀wé kò mọ Odù. Nígbà tí ìjọba bá sì fẹ́ ṣe òfin nípa ẹ̀kọ́, ta ni yóò wà níbẹ̀ láti sọ̀rọ̀ fún ọmọ tó dúró ti Ifá? Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó mọ̀wé ni, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ti di ara ìjọ mìíràn.

Òfin tó ń sùn

Nǹkan kan wà nínú ìtàn yìí tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò gbọ́ rí. A máa ń rò pé kò sí òfin tó dáàbò bo ọmọ oníṣẹ̀ṣe láyé òyìnbó. Òfin wà. Ní ọdún 1882, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin ẹ̀kọ́ fún àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Èkó wà lára wọn, nítorí pé láti Gold Coast, tí à ń pè ní Gánà lónìí, ni wọ́n ti ń ṣàkóso Èkó nígbà náà. Lára ohun tí òfin náà là sílẹ̀ ni pé òbí ní òmìnira lórí ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn tí a ó fi kọ́ ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n ya Èkó sọ́tọ̀ ní ọdún 1886, wọ́n ṣe òfin ẹ̀kọ́ ti Èkó fúnra rẹ̀ ní ọdún 1887.

Ẹ kíyèsí i dáadáa. Láti ọdún 1882 ni a ti kọ ọ́ sínú òfin pé òbí ló ni ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ọmọ rẹ̀. Kí ló dé tí kò fi ṣiṣẹ́ fún wa? Ìdí rẹ̀ ni pé òfin dà bí ìlù tí a gbé kọ́ ara ògiri: bí ẹnikẹ́ni kò bá lù ú, kò ní dún. Lédè òyìnbó ni wọ́n kọ òfin náà. Babaláwo tó gbé ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé ìwé kò lè kà á, kò sì sí ẹni tó kà á fún un. Bí ó bá tilẹ̀ gbọ́ nípa rẹ̀, ilé ìwé mìíràn wo ni yóò gbé ọmọ rẹ̀ lọ? Ọwọ́ ìjọ ni èyí tó pọ̀ jù nínú ilé ìwé wà. Ẹni tó bá ní òun kò fẹ́, ilé ni yóò mú ọmọ rẹ̀ padà sí.

Ọ̀rọ̀ orúkọ fi èyí hàn. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa wí. Orúkọ tó ní Ifá, Ògún, Ṣàngó, Ọ̀ṣun tàbí Èṣù nínú ń sọ ilé tí ọmọ ti wá àti ọ̀nà tó gbà wáyé. Nínú ilé ìwé, irú orúkọ bẹ́ẹ̀ di ẹrù. Fáyẹmí di Olúyẹmí, Èṣùbíyìí di Jésùbíyìí. Kò tilẹ̀ yọ àwọn ọmọ ìjọ fúnra wọn sílẹ̀. Mojọ́lá Àgbébí, pásítọ̀ ìjọ Onítẹ̀bọmi, David Brown Vincent ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 1894 ló bọ́ orúkọ náà sílẹ̀, tó sì gba orúkọ Yorùbá. Onígbàgbọ́ ni, kò sì fi ìgbàgbọ́ rẹ̀ sílẹ̀ títí ó fi kú. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé orúkọ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀.

Ohun tí àwọn Mùsùlùmí ṣe

Kì í ṣe àwa nìkan ni ilé ìwé ìjọ há mọ́. Àwọn Mùsùlùmí Èkó pọ̀ nígboro, ṣùgbọ́n wọ́n kéré níye nínú ilé ìwé. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé ọmọ tó bá wọlé gẹ́gẹ́ bí Mùsùlùmí yóò jáde pẹ̀lú orúkọ mìíràn, ẹ̀rù náà kò sì jẹ́ lásán. Fún ìgbà pípẹ́, ọ̀nà tí wọ́n gbà ni pé kí ọmọ wọn má lọ. Ilé kéwú nìkan ni wọ́n fi í sí. Nípa bẹ́ẹ̀, wọ́n dáàbò bo ẹ̀sìn wọn, ṣùgbọ́n wọ́n pàdánù ipò.

Nígbà tó yá, wọ́n yí ọ̀nà padà. Nígbà tí wọ́n ń ṣí mọ́ṣáláṣí Ṣítta Bey ní Èkó ní ọdún 1894, Abdullah Quilliam, Mùsùlùmí ará Gẹ̀ẹ́sì, wá gẹ́gẹ́ bí aṣojú Súlítánì ilẹ̀ Tọ́kì. Ó rọ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ wọn kọ́ ẹ̀kọ́ ìgbàlódé. Edward Wilmot Blyden, ọ̀mọ̀wé adúláwọ̀ tó jẹ́ Onígbàgbọ́, náà ṣiṣẹ́ láàrin wọn àti ìjọba. Kí ọ̀rúndún náà tó parí, ìjọba ti ṣí ilé ìwé fún ọmọ Mùsùlùmí ní Èkó, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ìwé láìfi ẹ̀sìn wọn sílẹ̀. Ní ọdún 1922, àwọn Ahmadiyya ṣí ilé ìwé tiwọn. Ní ọdún 1923, àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀, ẹ̀kọ́ sì ni ìpìlẹ̀ ẹgbẹ́ náà. Láti ibẹ̀ ni ilé ìwé wọn ti tàn ká ilẹ̀ Yorùbá.

Ẹ̀kọ́ wo ló wà níbẹ̀ fún wa? Wọn kò yan láàrin ìwé àti ẹ̀sìn. Wọ́n kọ́ ilé tí méjèèjì ti lè jọ gbé. Wọ́n dá owó jọ, wọ́n ra ilẹ̀, wọ́n kọ́ olùkọ́, wọ́n ṣe ìwé tí ọmọ lè kà.

Ní àkókò kan náà, àwọn tiwa náà kò sùn pátápátá. Ní ọdún 1920, àwọn kan dá Ìjọ Ọ̀rúnmìlà Adúláwọ̀ sílẹ̀ ní Èkó. Wọ́n rí i pé ó yẹ kí a ní ilé ìpàdé àti ètò ìsìn tí ọmọ tó mọ̀wé kò ní tijú rẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n kò sí ilé ìwé oníṣẹ̀ṣe tó tàn káàkiri bí ti Ansar-Ud-Deen. Ilé ìsìn ni a kọ́, a kò kọ́ ilé ìwé tì í. Àlàfo náà ni a ṣì ń san gbèsè rẹ̀.

Ọdún 1955 àti lẹ́yìn rẹ̀

Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó wọ ilé ìwé lọ́dún náà lé ní 800,000. Kò sí ohun tí ìjọba kan ṣe nílẹ̀ wa tó ju èyí lọ. Ọmọ ọdẹ, ọmọ àgbẹ̀, ọmọ babaláwo, gbogbo wọn rí ààyè. Ṣùgbọ́n ìjọba ló ń sanwó, ọwọ́ àwọn ìjọ ni ọ̀pọ̀ ilé ìwé ṣì wà. Ọmọ wa wọ inú ilé tí ẹlòmíràn ti tò tán.

Ìgbà tí èmi náà fi wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ bọ́ sí àwọn ọdún tó tẹ̀lé òmìnira. Ní ilé ìwé kan tí n kò ní dárúkọ, olùkọ́ tó ń kọ orúkọ sínú rẹ́jísítà yọ Ifá kúrò nínú orúkọ mi, ó fi Olú rọ́pò rẹ̀. Bàbá mi, tó lè ka Odù mẹ́rìndínlógún láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ láìwo ibì kankan, kò lè ka ìwé pélébé tí mo mú délé. Ọdún bíi mélòó kan kọjá kó tó mọ̀ pé wọ́n ti pààrọ̀ orúkọ tí òun sọ ọmọ òun. N kò sọ èyí láti fi bú olùkọ́ náà, nítorí pé ó rò pé oore ni òun ń ṣe. Mo sọ ọ́ kí ẹ lè rí bí òfin ṣe lè wà níwájú ènìyàn kó má rí i.

Ní àwọn ọdún 1970, ìjọba gba ilé ìwé lọ́wọ́ àwọn ìjọ. Ilé ìwé di ti gbogbo ènìyàn nínú ìwé òfin. Ṣùgbọ́n ní ibi ìpéjọ òwúrọ̀, orin ìjọ àti àdúrà Mùsùlùmí ni a ń gbọ́. Lórí tábìlì ẹ̀kọ́, Ìmọ̀ Ẹ̀sìn Kírísítẹ́nì wà, Ìmọ̀ Ẹ̀sìn Ìsìláàmù wà. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwé títí di òní, ọmọ oníṣẹ̀ṣe yóò mú ọ̀kan nínú méjèèjì, nítorí pé kò sí ẹ̀kẹta.

Ọmọ náà nínú kíláàsì lónìí

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun kan tó yani lẹ́nu. Nínú ẹ̀kọ́ lítíréṣọ̀ Yorùbá, wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní ewì alohùn: ìyẹ̀rẹ̀ Ifá, ìjálá ọdẹ, ẹ̀sà egúngún, Ṣàngó pípè. Wọ́n ń bi wọ́n léèrè rẹ̀ nínú ìdánwò. Ọmọ tó bá dáhùn dáadáa á gba máàkì. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ìdè Ifá wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀ nínú kíláàsì kan náà ń fi apá ẹ̀wù bò ó, nítorí pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á máa pè é ní ọmọ abọ̀rìṣà, ọmọ tí kò yẹ kí a bá jẹun pọ̀. Ohùn Ifá ní ọlá nínú ìwé. Ọmọ Ifá kò ní ọlá lórí àga.

Ohun tí ọmọ ń ṣe nígbà náà ni pé ó ń pín ara rẹ̀ sí méjì. Nílé, ó ń dáhùn àbọrúbọyè. Ní ilé ìwé, ó ń sẹ́ ẹ. Ọmọ tó kọ́ irọ́ pípa láti lè ní ọ̀rẹ́, kí ni ó kọ́ ní ilé ìwé? Àwọn mìíràn kì í sẹ́ ẹ, wọ́n á dákẹ́. Olùkọ́ á rò pé ọpọlọ wọn kò jí. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọmọ kan náà lè ti mọ orúkọ Odù mẹ́rìndínlógún ní sísẹ̀-n-tẹ̀lé, kó sì ti máa da ọ̀pẹ̀lẹ̀ níwájú olúwo rẹ̀ láìṣìnà. Ọpọlọ rẹ̀ jí. Ọkàn rẹ̀ ni kò balẹ̀.

Kí wá ni òfin wí lónìí? Abala 38 nínú Òfin Ìpìlẹ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 fún olúkúlùkù ní òmìnira ẹ̀rí ọkàn àti ẹ̀sìn. Ìpín kejì rẹ̀ sọ pé a kò gbọdọ̀ fi ipá mú ẹnikẹ́ni tó ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ láti gba ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn, tàbí láti kópa nínú ìsìn, tí kì í ṣe ti ẹ̀sìn tirẹ̀ tàbí èyí tí òbí tàbí alágbàtọ́ rẹ̀ fọwọ́ sí. Ìpín kẹta sọ pé a kò gbọdọ̀ dí àwùjọ ẹlẹ́sìn kankan lọ́wọ́ láti kọ́ ọmọ rẹ̀ ní ẹ̀sìn rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ tí àwùjọ náà ń fi owó ara rẹ̀ gbé ró. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 náà sọ pé ọmọdé ní òmìnira ẹ̀rí ọkàn àti ẹ̀sìn.

Ìlù náà ṣì wà lára ògiri. Àwọn mìíràn ti ń lù ú. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí ní ìpínlẹ̀ Èkó gbé ọ̀rọ̀ híjáàbù lọ sí kóòtù, wọ́n bá a lọ láti ilé ẹjọ́ kan sí òmíràn, títí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ fi dá wọn láre ní oṣù Òkudù ọdún 2022. A lè fara mọ́ ìdájọ́ náà tàbí kí a má fara mọ́ ọn. Ohun tí kò ṣe é jiyàn ni pé wọ́n mọ òfin, wọ́n ní sùúrù, wọ́n sì ní agbẹjọ́rò.

Àwọn ará wa ní ìta

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí ọ̀dọ̀ wa. Ní Gánà, ní ọdún 2021, ilé ẹ̀kọ́ Achimota tó lókìkí ní Accra kò gba ọmọkùnrin méjì tó jẹ́ ọmọ ẹlẹ́sìn Ràsítá, nítorí irun dídì orí wọn. Àwọn ẹlẹ́sìn Ràsítá kò pọ̀ ní Gánà. Àwọn òbí wọn lọ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga, ní ọjọ́ 31 oṣù Èbìbì ọdún náà ni ilé ẹjọ́ sì pàṣẹ pé kí ilé ẹ̀kọ́ náà gbà wọ́n wọlé. Àwa tí a ní ọmọ Dàda nílé mọ ohun tí irun lè túmọ̀ sí.

Ní ilẹ̀ Bràsíìlì, ọ̀rọ̀ náà tún súnmọ́ wa ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé òrìṣà wa kan náà ni wọ́n ń sìn níbẹ̀, tí wọ́n ń pe ìsìn náà ní Candomblé. Stela Guedes Caputo, olùkọ́ yunifásítì ní Rio de Janeiro, fi ọ̀pọ̀ ọdún tọ ipasẹ̀ àwọn ọmọ ilé òrìṣà, ó sì gbé ìwé jáde lórí wọn ní ọdún 2012. Ohun tó rí ni pé àwọn ọmọ tó ń fi òrìṣà yangàn nínú ilé òrìṣà ń fi í pamọ́ nínú ilé ìwé. Òkun ńlá wà láàrin wa, ṣùgbọ́n apá ẹ̀wù kan náà ni wọ́n fi ń bo ìlẹ̀kẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí wọ́n ṣe. Ní Salvador, ní ìpínlẹ̀ Bahia, Eugênia Anna dos Santos, tí orúkọ òrìṣà rẹ̀ ń jẹ́ Ọba Bíyìí, dá ilé Ṣàngó kan sílẹ̀ ní ọdún 1910, èyí tí a mọ̀ sí Ilé Àṣẹ Òpó Àfọ̀njá. Ìyálórìṣà náà máa ń sọ pé ìfẹ́ ọkàn òun ni kí àwọn ọmọ òun gboyè ìwé, kí wọ́n sì wá dọ̀bálẹ̀ lẹ́sẹ̀ Ṣàngó pẹ̀lú òrùka oyè lọ́wọ́. Kò rò pé ìwé ni ọ̀tá òrìṣà. Ní àwọn ọdún 1970, àwọn ọmọ ilé náà bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọdé nínú ọgbà ilé Ṣàngó, wọ́n sì fi orúkọ Ọba Bíyìí pè é. Lẹ́yìn náà, ó di ilé ìwé ìjọba ìlú Salvador, orúkọ ìyálórìṣà náà ló sì ń jẹ́ títí di òní. Ní ọdún 2003, ìjọba Bràsíìlì ṣe òfin 10.639, tó sọ ọ́ di dandan kí ilé ìwé máa kọ́ ọmọ ní ìtàn àti àṣà àwọn adúláwọ̀. Àwọn ọmọ ẹrú ni wọ́n ṣe èyí. Àwa ọmọ onílẹ̀ ńkọ́?

Ohun tó kù fún wa

Èrò mi ni pé kì í ṣe òfin ló kù, kì í sì í ṣe ọlá. Ọlá ti dé: Wándé Abímbọ́lá, ọmọ Ọ̀yọ́, tó kọ́ Ifá tó sì kọ́ ìwé, di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ifẹ̀ ní ọdún 1982. Nínú ẹnì kan ṣoṣo, ìmọ̀ méjèèjì tó pínyà tún pàdé. Àjọ UNESCO kéde Ifá ní ọdún 2005 pé ó jẹ́ ara ogún gbogbo ènìyàn. Ní ọdún 2023, àwọn ìjọba kan nílẹ̀ Yorùbá, Èkó àti Ògùn lára wọn, fúnni ní ìsinmi fún ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe. Ohun tó kù ni ẹni tí yóò mú ọlá yìí dé orí àga tí ọmọ jókòó lé nínú kíláàsì.

Ohun mẹ́rin ni mo fẹ́ kí a mú lọ sílé.

Èkínní, ẹ jẹ́ kí ọmọ awo kàwé. Àwọn kan nínú wa ṣì ń mú ọmọ tó wà lọ́dọ̀ wọn kúrò ní ilé ìwé nítorí ẹbọ àti ìrìn àjò. Ọmọ tí a bá yọ kúrò ní ilé ìwé lónìí ni a ó tún ṣe òfin lé lórí lọ́la láìfi tirẹ̀ ṣe. Ifá kíkọ́ ní òwúrọ̀ kùtù àti ní alẹ́. Ilé ìwé ní ọ̀sán. Àyè wà fún méjèèjì.

Èkejì, kí gbogbo òbí mọ abala 38. Kí ẹgbẹ́ wa túmọ̀ ìpín kejì náà sí Yorùbá kedere, kí òbí lè mú un lọ bá ọ̀gá ilé ìwé pẹ̀lú ọ̀wọ̀ àti ohùn pẹ̀lẹ́. Kí ẹ sì máa wo rẹ́jísítà. Orúkọ tí ẹ sọ ọmọ ni kí ó wà níbẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ìwé. Ọmọ tó bá bèèrè lọ́wọ́ wa pé kí ni òun gbàgbọ́, a kò gbọdọ̀ fi igbe dá a lóhùn. Ìtàn kan wà nínú Ìwòrì Méjì tí gbogbo awo mọ̀. Nígbà tí Ọ̀rúnmìlà bínú lọ sọ́run nítorí ìwà Ọlọ́wọ̀ ọmọ rẹ̀, ayé dàrú, àwọn ọmọ rẹ̀ sì lọ bẹ̀ ẹ́. Kò padà wá, ṣùgbọ́n ó fún wọn ní ikin mẹ́rìndínlógún. Ohun tó fi rọ́pò ara rẹ̀ ni ohun tí a lè bi léèrè. Nítorí náà, ìwé tí ọmọ kékeré lè kà, tó ṣàlàyé ìwà, orí, àti ẹ̀yìn ẹbọ ní èdè tó rọrùn, gbèsè ni lọ́rùn wa.

Ẹ̀kẹrin ló wúwo jù. Ẹ̀tọ́ tí à ń bèèrè, ẹ jẹ́ kí a fi fún ẹlòmíràn. Ní ìlú tí ọwọ́ wa ti tẹ́rẹrẹ, bí ọjọ́ ìṣẹ́dé Orò bá bọ́ sí ọjọ́ ìdánwò, ọmọbìnrin kan lè pàdánù ọdún kan gbáko. Kí àwọn àgbà jókòó pẹ̀lú àwọn olùkọ́ kí ọjọ́ tó pé, kí wọ́n wá àkókò tí kò ní pa ẹnikẹ́ni lára. Ọmọ Ẹ̀gùn wà nínú ilé ìwé wa, ọmọ Fúlàní wà, ọmọ Haúsá wà. Àwọn ọmọ tiwa a máa fi èdè wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tó mọ bí ó ṣe ń dun ni kí wọ́n máa pe ni ní orúkọ burúkú, kò yẹ kí ọmọ rẹ̀ máa pe ẹlòmíràn bẹ́ẹ̀. Bí ilé ìwé tiwa bá sì dúró lọ́jọ́ kan, kí ọmọ Onígbàgbọ́ tó bá wọ ibẹ̀ lè jáde pẹ̀lú orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́.

Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra. Yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kò fẹ̀ tó ojú ọ̀run, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ó gba gbogbo ọmọ tí a bá mú wá síbẹ̀. Kí Ọ̀rúnmìlà fún wa ní ọgbọ́n tí a ó fi ṣe é. Kí àwọn ọmọ wa má fi apá ẹ̀wù bo ìdè mọ́.

Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ. Àṣẹ.